Máàpù inú ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó sanwó GPS

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí ló mú mi gbé bírò. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ ọ́ ní ìnákúnàá ni kí awakọ̀ máa ra ẹ̀rọ GPS, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀nà hàn nínú ọkọ̀, lọ́tọ̀ nígbà tí fóònù wà lápò rẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó jẹ́ pé Bódìjà sí Dùgbẹ̀ ni ìrìn rẹ̀ mọ. Ṣùgbọ́n àwa tí oúnjẹ òòjọ́ wa ń gbé dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé, tiwa yàtọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹni tí ẹ̀rọ yìí ì bá ṣe lóore tìtorí lẹ́tà yẹn pa á tì. Èyí tó tilẹ̀ ká mi lára jù ni bí àwọn tó ń rà á gan-an ṣe ń rà á. Wọ́n á wò ó bóyá ojú rẹ̀ fẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá ó ń dán, wọ́n á sanwó. Máàpù tó wà nínú rẹ̀ ni ọjà tí ènìyàn ń rà. Èyí tó kù, páálí ni.

Kánópì, àga, tábìlì àti kúlà ni mò ń fi rẹ́ǹtì fún àwọn tó ń ṣe òde, Mọ́lété ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Èmi fúnra mi ni mò ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tí a fi ń kó wọn. Ìkómọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà, kò sí èyí tí a kì í lọ. Láàárín ìgboro la ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, àmọ́ wọ́n ń pè wá dé Èrúwà àti Láńlátẹ̀, a ń dé Ìṣẹ́yìn, a ń dé Ṣakí. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé òde kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti sin òkú tán, tí àwọn àgbà dé ilé tí kánópì ò tíì dúró, orí wọn ni oòrùn yóò pa, orúkọ tèmi sì ni wọn yóò máa pè.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí àdírẹ́sì ṣe rí ní Ìbàdàn. Oníbàárà á pè mí: "Màmá, ẹ bọ́ sí Akóbọ̀, tí ẹ bá ti kọjá ilé epo, ẹ béèrè ilé alájà kan tó ní géètì dúdú, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni." Ilé epo wo? Mọ́ṣáláṣí wo? Nínú ìgboro àtijọ́, ní Ìdí-Arẹ̀rẹ̀, Fóòkò, Ọjàa'ba àti Òjé, orúkọ agbo ilé ni wọ́n máa fún yín, agbo ilé náà sì lè wà níbi tí ọkọ̀ kankan kò lè wọ̀. Ní àwọn àdúgbò tuntun lọ́nà Mọ́níyà, Ológunẹ́rù àti Ẹgbẹ́dá, ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ló ń sọ òpópónà lórúkọ. Òpópónà kan lè ní orúkọ méjì, orúkọ kan náà sì lè wà ní àdúgbò mẹ́ta. Ẹni tó bá ti gun òkè Bower rí, tó dúró sórí ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní 1936, tó wo bí páànù ilé ṣe tẹ́ lọ bẹẹrẹbẹ lọ́tùn-ún lósì, yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Bàbá àwọn ọmọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, sọ́fíọ̀ ni wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n lọ. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí GPS ṣe ń ṣiṣẹ́, kó tó di ohun tí gbogbo ènìyàn ní lọ́wọ́, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń sọ ni pé GPS fúnra rẹ̀ kì í jẹ détà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ èyí. Sátẹ́láìtì ni ẹ̀rọ náà ń tẹ́tí sí. Ó kéré tán, 24 ló gbọ́dọ̀ máa wà lókè nígbà gbogbo, nǹkan bíi kìlómítà 20,200 ni wọ́n sì fi jìnnà sí ilẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kéde ibi tó wà àti àkókò tó fi ń kéde. Ẹ̀rọ ọwọ́ wa á wo bí ìkéde náà ṣe pẹ́ tó lọ́nà, á fi ṣírò bí sátẹ́láìtì yẹn ṣe jìnnà tó. Bó bá ti gbọ́ ti mẹ́rin, ó ti mọ ibi tó dúró. Kì í fi nǹkan kan ránṣẹ́ padà sókè, kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Détà tí fóònù yín ń jẹ, máàpù ló fi ń fà wálẹ̀ àti ìròyìn sún kẹrẹ fà kẹrẹ. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí máàpù bá ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ì báà jẹ́ àárín igbó lọ́nà Ìgbétì, yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ló ni sátẹ́láìtì wọ̀nyí. Ọdún 1978 ni wọ́n ju àkọ́kọ́ sókè, 1995 ni wọ́n sì kéde pé gbogbo rẹ̀ ti pé. Ní 1983, ọkọ̀ òfuurufú Kòríà kan ṣìnà wọ ojú òfuurufú Sófíẹ́ẹ̀tì, wọ́n yìn ín lulẹ̀, ènìyàn 269 ló bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ààrẹ Ronald Reagan ṣèlérí pé àwọn tí kì í ṣe ológun náà yóò lè lo GPS. Síbẹ̀, fún ọdún púpọ̀, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ da àmì tiwa rú, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ lè fi ọgọ́rùn-ún mítà tàsé. Oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni Ààrẹ Bill Clinton ní kí wọ́n dá a dúró. Bàbá àwọn ọmọ mi ò gbàgbé ọ̀sẹ̀ yẹn títí wọ́n fi lọ. Ọgọ́rùn-ún mítà ní Fóòkò, àdúgbò mìíràn ni.

Lónìí, Rọ́ṣíà ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ GLONASS, Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà sì ní BeiDou. Ẹ̀rọ tó bá lè gbọ́ ju ẹyọ kan lọ dára ju èyí tó ń gbọ́ GPS nìkan, torí pé bí ilé gíga tàbí òkè bá dí àwọn kan, yóò rí àwọn mìíràn gbọ́. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí, ẹ wá a níbẹ̀. Àwa ará Ìbàdàn tilẹ̀ rí àánú gbà lọ́nà yìí, ilé wa kò ga púpọ̀, ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ tèmi ti máa ń ṣiyèméjì ni ìtòsí Cocoa House ní Dùgbẹ̀, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n kọ́ parí ní 1965, àti ibi bíríìjì Mọ́lété, níbi tí kì í ti í dá a lójú bóyá orí bíríìjì ni mo wà tàbí abẹ́ rẹ̀.

Ní ti rírà wàyí. Ẹ̀rọ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á níbí, tòkunbọ̀ ni, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun náà sì ń rà á ránṣẹ́ sílé. Èyí tí wọ́n bá ti lò ní Amẹ́ríkà, máàpù Amẹ́ríkà ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá wá láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ti Yúróòpù ni. Ẹ tàn án ní Ìbàdàn, yóò tàn dáadáa, yóò mọ ibi tó dúró, àmọ́ ojú rẹ̀ yóò ṣófo bíi pápá, kò ní fi títì kan hàn yín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ. Nígbà tó dá a padà, ọmọ tó tà á fún un ní ẹ̀rọ ò bàjẹ́, òun ò sì ní gba ọjà tí wọ́n ti tú padà. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Àmọ́ ta ló rà máàpù ìlú New York láti fi lọ sí Àpáta?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: ṣé máàpù Nàìjíríà wà nínú rẹ̀? Bó bá ní ó wà, ẹ má fi ẹnu lásán gbà á. Ẹ má tẹ Èkó, ẹ má tẹ Àbújá, kò sí máàpù Nàìjíríà tí kò mọ ìyẹn. Ẹ tẹ Àkànràn. Ẹ tẹ Ẹ̀rúnmu. Ẹ tẹ Ìgbò-Ọrà, kí ẹ sì ní kó fi ọ̀nà ibẹ̀ hàn yín láti ibi tí ẹ dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ wá bíríìjì Mọ́kọ́lá tí wọ́n ṣe lásìkò Gómìnà Ajímọ̀bí. Bí kò bá sí níbẹ̀, máàpù yẹn ti gbó, kò sì ní mọ ohunkóhun nípa Circular Road tí ìjọba ń ṣe yí ìlú ká, èyí tí wọ́n ní yóò gùn tó kìlómítà 110 bó bá parí. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe àtúnṣe máàpù náà àti bóyá owó wà níbẹ̀. Wọ́n lè kọ "lifetime" sára páálí, ẹ má rò pé ẹ̀mí ti yín ni wọ́n ń sọ. Ọjọ́ tí iléeṣẹ́ tó ṣe é bá ti pa irú ẹ̀rọ yẹn tì, àtúnṣe ti parí nìyẹn.

Ọ̀nà àbáyọ wà fún ẹni tó ti ra èyí tí kò ní máàpù wa. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ Garmin ń ṣe ló ń gba máàpù OpenStreetMap lórí mẹ́mórì káàdì. OpenStreetMap yìí, àwọn ènìyàn bíi tiwa ló ń yà á, láti 2004 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ìlú Ọba, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọmọ tó bá mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ lè bá yín gbé e sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó gọbọi lọ́wọ́ yín lórí ohun tí wọ́n fi tọrẹ.

Ohun kan tún wà tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín oníṣọ́ọ̀bù àti oníbàárà. Ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ṣì rò pé ibi tí wọ́n ti pa á kẹ́yìn lòun wà. Sátẹ́láìtì tó ń wá lókè orí rẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀. Ó ní láti gba àkọsílẹ̀ gbogbo wọn látòkè, ìyẹn nìkan sì ń gba ìṣẹ́jú méjìlá ààbọ̀ kó tó wọlé tán. Bí ẹ bá wá tàn án nínú ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ dẹ́kìnnì, kò ní rí nǹkan kan gbọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ gbé e jáde sí gbangba, ẹ gbé e lé orí nǹkan, kó dúró jẹ́ẹ́ fún bíi ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn àkọ́kọ́ yẹn, kì í pẹ́ mọ́ kó tó mọ ibi tó wà. Ẹ̀rọ tó dára tí wọ́n dá padà nítorí èyí kò níye.

Ní ti fífẹ̀ ojú ẹ̀rọ, íǹṣì márùn-ún tó fún ọkọ̀ kékeré, mẹ́fà tàbí méje sì dára fún ọkọ̀ akẹ́rù tí gíláàsì rẹ̀ jìnnà sí awakọ̀. Ju fífẹ̀ lọ, ẹ wò ó nínú oòrùn ọ̀sán bóyá ẹ ṣì lè rí ojú rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bátìrì inú rẹ̀ kì í pẹ́ rárá, torí náà wáyà tó ń lọ sí ihò sìgá inú ọkọ̀ ṣe pàtàkì, kí ẹ rí i pé ó bá a wá. Ẹ̀yin onímọ́tò akẹ́rù, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá, volt 24 ni iná wọn, ti ọkọ̀ kékeré sì jẹ́ 12. Ẹ ka ara ṣájà náà. Bí wọ́n bá kọ 12–24 sí i, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá jẹ́ 12 nìkan, yóò jóná ni.

Wọ́n tún ń ta èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ńlá, tí ẹ lè tẹ gíga àti ìwúwo ọkọ̀ yín sí, kó má bàa gbé yín gba abẹ́ bíríìjì tó kéré. Ìmọ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n ó níye lórí jù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí wọ́n bá kọ sínú máàpù nípa bíríìjì náà ló lè sọ. Títì mélòó ní ìlú wa ni wọ́n ti kọ irú ìyẹn sí? Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó torí èyí ná owó sí i níbí.

Ẹ má rò pé mo ń bú fóònù. Mò ń lò ó. Kí n tó kúrò ní Mọ́lété láàárọ̀, Google Maps ni mo fi ń wo Challenge àti Ìwó Road, bóyá wọ́n pupa, ìyẹn bóyá sún kẹrẹ fà kẹrẹ wà níbẹ̀. Ìrìn fóònù àwọn tó wà lójú títì lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ ò rìn, ẹ̀rọ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì kò lè mọ ìyẹn láéláé. Ní 2019, wọ́n tilẹ̀ gbé ohùn ọmọ Nàìjíríà sí i, ó sì rọ etí lọ́rùn. Ẹni tí kò lágbára láti ra ẹ̀rọ lọ́tọ̀ lè fa máàpù gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sínú fóònù nígbà tó bá wà níbi tí wáìfáì wà, Google Maps ń gbà á láàyè. Áàpù Organic Maps àti OsmAnd náà wà, orí OpenStreetMap ni wọ́n dúró, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ láìsí détà. Ẹ kàn máa tún un fà lóòrèkóòrè.

Ohun tó mú mi ya ẹ̀rọ sọ́tọ̀ ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Fóònù tí oòrùn ń pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì yóò gbóná títí yóò fi kú. Bí oníbàárà bá pè, orúkọ rẹ̀ yóò bo máàpù mọ́lẹ̀ ní oríta tí mo nílò rẹ̀ jù, àwọn oníbàárà mi sì ń pè lemọ́lemọ́ láàárọ̀ Sátidé. Yàtọ̀ sí èyí, òfin Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, ta ko fífi ọwọ́ di fóònù mú lórí ìrìn. Mi ò gbọ́dọ̀ kó àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀, kí ojú mi sì wà nínú fóònù.

Ẹ tẹ ibi tí ẹ ń lọ nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró. Bí ẹ bá fẹ́ yí i padà, ẹ páàkì, tàbí kí ẹni tó jókòó tì yín ṣe é. Igun ìsàlẹ̀ gíláàsì lọ́wọ́ òsì, tàbí orí dáṣíbọ́ọ̀dù, ni kí ẹ gbé e sí. Àárín gíláàsì gan-an ni mo ń rí i tí ọ̀pọ̀ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, èyí tó jẹ́ pé ọmọ kékeré tó ń sọdá yóò fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ tó wá láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń fi máìlì àti yáàdì sọ̀rọ̀, ẹ yí i sí kìlómítà.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ ìlú. Ẹ tẹ Sango, ẹ̀rọ lè mú yín lọ sí Sango Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Mọ́kọ́lá wà ní Abẹ́òkúta náà. Sábó kò níye ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ wo iye kìlómítà tó kọ kí ẹ tó gbéra: bó bá sọ pé Sango tó yẹ kó wà nítòsí jìn tó ìrìn wákàtí kan ààbọ̀, ẹ ti mọ̀. Ẹ tẹ orúkọ láìfi àmì sí i, bí ẹ̀rọ kò bá sì rí "Saki," ẹ tẹ "Shaki." Ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n ń gbà kọ ọ́ sínú máàpù, bẹ́ẹ̀ náà ni Ògbómọ̀ṣọ́.

Níbi tí orúkọ bá ti rú yín lójú, nọ́ńbà ibẹ̀ ni kí ẹ gbà, ìyẹn nọ́ńbà méjì tí GPS fi ń sọ ibi tí nǹkan wà láyé, kì í ṣe ti fóònù. Bàbá àwọn ọmọ mi máa ń sọ pé nọ́ńbà kì í parọ́ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Ìbàdàn wà ní nǹkan bíi 7.4 sí àríwá àti 3.9 sí ìlà-oòrùn. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7 ló ń ṣáájú. Bí ẹ bá fi 3 ṣáájú, inú òkun ni ẹ̀rọ yóò gbé yín lọ, ní gúúsù ìlú Bonny. Kí nọ́ńbà mẹ́rin wà lẹ́yìn àmì tóótó inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn á mú yín dé nǹkan bíi mítà mọ́kànlá sí ẹnu géètì. Bí wọ́n bá gé e ku méjì, ìyàtọ̀ kìlómítà kan lè wà. Ẹ tún wò ó bóyá dígíríì àti ìṣẹ́jú ni wọ́n fi kọ ọ́, torí pé dígíríì 7 àti ìṣẹ́jú 30 kì í ṣe 7.30, 7.5 ni. Ẹni tó bá tẹ 7.30 ti fi bíi kìlómítà méjìlélógún ṣìnà.

Èyí tó rọrùn jù ni kí oníbàárà fi àmì ibi tó wà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àmọ́ mo máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ dúró sí ibi tí òde ti máa wáyé gan-an kí ẹ tó fi ránṣẹ́." Ọmọ olóòkú tó wà nílé rẹ̀ ní Ìkẹjà lè fi àmì Ìkẹjà ránṣẹ́ fún òkú tí a fẹ́ sin ní Olódó, torí pé ibi tó dúró ni fóònù rẹ̀ ń sọ.

Ẹ̀rọ yóò bi yín bóyá ọ̀nà tó kúrú jù ni ẹ fẹ́ tàbí èyí tó yá jù. Ẹ mú èyí tó yá. Èyí tó kúrú yóò gbé yín gba àárín Ìdí-Arẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, yóò gbé yín gba ọ̀nà amọ̀ lẹ́yìn Àkànràn nínú oṣù Keje, ọkọ̀ tó ru irin kánópì yóò sì rì síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń sọ pé kó má gba títì tí kò ní ọ̀dà wà nínú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ẹ̀rọ kankan kò mọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Àwa tí a gbọ́n nígbà tí Ògùnpa ya ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí a sì tún rí ti ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 2011, a mọ bí omi ṣe ń gbé afárá lọ lóru ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, máàpù ṣì ń ní kí ènìyàn máa lọ tààrà. Bẹ́ẹ̀ ni ti ààbò rí ní àsìkò tí a wà yìí. Ẹ̀rọ yóò fi ọ̀nà igbó hàn yín ní aago mẹ́jọ alẹ́, kò mọ̀ bóyá àwọn ajínigbé wà níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ inú gáréèjì mọ̀. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà, mo sì máa ń dúró béèrè lọ́wọ́ wọn kí n tó kúrò ní Ìṣẹ́yìn, ì báà jẹ́ pé ojú ẹ̀rọ mọ́ kedere.

Ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ tẹ ilé yín sí, ẹ má tẹ ẹnu géètì yín. Ẹ tẹ ilé epo tó wà nítòsí. Olè tó bá gbé ọkọ̀ ti rí kọ́kọ́rọ́ ilé lára ti ọkọ̀, ẹ má tún fi ọ̀nà hàn án. Bí ẹ bá páàkì, ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò, kí ẹ sì nu àpá róbótó tí ó fi lẹ̀ mọ́ gíláàsì nù, torí àpá yẹn ló ń sọ fún wọn pé nǹkan wà nínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin tó ń ta fóònù àti ẹ̀rọ ní Kúìnì Sínímà, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé tábìlì kan síta, níbi tí ojú ọ̀run ti ṣí, kí oníbàárà lè dán GPS wò kó tó sanwó. Kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ sì kọ orílẹ̀-èdè tí máàpù rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ sí ara rẹ̀ gàdàgbà.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá tó wà ní Ìbàdàn, ojú òpópónà wa ń fẹ́ pátákó orúkọ, ilé wa ń fẹ́ nọ́ńbà. Ẹ̀rọ kò lè rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ jọ́gíráfì ní Yunifásítì Ìbàdàn àti Poli, ẹ fi orúkọ àdúgbò wa sórí OpenStreetMap, agbo ilé Òjé pẹ̀lú, bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, ẹ má dúró de ìjọba. Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ yan orúkọ kan ṣoṣo fún òpópónà kọ̀ọ̀kan, ẹ wádìí pé kò sí irú rẹ̀ ní àdúgbò tó tẹ̀ lé yín, kí ẹ sì fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri àkọ́kọ́, níbi tí obìnrin tó kó kánópì bọ̀ láàárọ̀ kùtù ti lè rí i kà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Oníkánópì,
Mọ́lété, Ìbàdàn.